Ẹja Tí Mo Yá Tíṣà

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ẹja."

Bí Tàjùdéèn ṣe kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀ nìyẹn, lọ́jà Ọ̀fà, lọ́dún tó ṣáájú òmìnira. Mo wò ó láti orí dé bàtà. Èèyàn máa ń yá ọkọ́, ó máa ń yá odó. Mi ò gbọ́ ọ rí kí ẹnì kan wá yá ẹja.

"Ṣé lẹ́yìn tí ẹ bá jẹ ẹ́ tán lẹ máa dá a padà ni?"

"Mi ò ní jẹ ẹ́. Tíṣà ni mí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ni mo fẹ́ fi hàn. Mo fẹ́ kọ́ wọn ní ìdí tí àwọn ẹja fi máa ń kó ara wọn jọ lúwẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹwà yín tàn bí òṣùpá, mo mọ̀ pé ẹ ò ní kọ̀ fún mi."

"Òṣùpá kì í ta ẹja," mo ní.

Mi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ dídùn. Òun ni àwọn oníbàárà máa ń sọ kí wọ́n tó tọrọ ènì. Ìyá mi tó ni ìsọ̀ náà ló ní kí n fún un. Mo fún un ní igi ẹja kan, mo sì tẹ̀lé ẹja mi lọ sílé ìwé. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Kí ló fẹ́ jẹ́ kí n fọkàn tán an?

Láti Jẹ́bà ni rélùwéè ti ń gbé ẹja wá fún wa nígbà yẹn. Yíyan ni wọ́n máa ń yan án. Wọ́n á ká a, wọ́n á ki ìrù rẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, wọ́n á wá fi igi gún un pọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Ọ̀pọ̀ ọmọ kíláàsì náà kò rí ẹja mìíràn rí.

Tíṣà gbé igi ẹja sókè. "Ta ló lè sọ ìdí tí àwọn ẹja fi ń rìn pọ̀ nínú omi?"

Ọmọbìnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Àṣàbí dìde. "Igi kan náà ni wọ́n fi gún gbogbo wọn, sà. Bí ọ̀kan bá lọ, àwọn tó kù gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e."

"Báwo ni wọ́n ṣe wá ń lúwẹ̀ẹ́?"

"Wọ́n ń yí gbirigbiri bíi táyà kẹ̀kẹ́, sà."

Ẹnu ọ̀nà ni mo wà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Tíṣà fi ọwọ́ ya ẹja tó na gbọọrọ sójú pátákó, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Ó ní ìṣọ̀kan ni agbára, ó ní ìfẹ́ ni okùn tí kì í já. Àwọn ọmọ ń yán.

"Tíṣà, ẹ má tan àwọn ọmọ ọlọ́mọ," mo ké sí i. "Tí èmi bá jẹ́ ẹja ńlá tí ebi ń pa, ibi tí wọ́n pọ̀ sí gan-an ni màá lọ. Ta ló ń fi ìkòkò tó kún sílẹ̀ lọ bá èyí tó ṣófo?"

Ó wò mí. Ó gbé ẹfun tó fi ń kọ̀wé sílẹ̀. "Ó dáa. Ẹ wá ṣe ẹja ńlá náà fún wa."

A bọ́ sí pápá. Ó kọ́kọ́ fọ́n àwọn ọmọ ká, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo sáré, mo mú ọ̀kan. Mo tún sáré, mo mú òmíràn. Mo ń fẹnu ṣe yẹ̀yẹ́ Tíṣà. Ló bá pè wọ́n jọ, ó sọ̀rọ̀ sí wọn létí, wọ́n sì sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí.

Mo lé wọn. Mo dójú lé ọmọ oníbùbá pupa kan, òmíràn gba iwájú rẹ̀ kọjá. Mo yí sí ìyẹn, ó ti wọ àárín wọn lọ. Bí ọ̀kan bá ṣe yà, gbogbo wọn á yà. Òòyì ń kọ́ mi lójú. Nígbà tí mo kó sí wọn láàárín, wọ́n pín sí méjì, wọ́n gba ọ̀tún àti òsì mi kọjá, wọ́n sì tún pàdé lẹ́yìn mi. Ibẹ̀ ni mo ti ṣubú lulẹ̀ gbì, gèlè mi fò lọ.

"Ẹja ńlá ti ṣubú o!" Ariwo gba gbogbo pápá.

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá na ọwọ́ sí mi.

"Nígbà tí wọ́n kóra jọ, ẹ mú mélòó?"

"Mi ò mú ẹyọ kan."

"Kí ló dé?"

"Mi ò mọ èyí tí màá mú."

"Ìdí rẹ̀ nìyẹn," ó ní. Kò fi nǹkan kan kún un.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àyà mi ń lù kìkì, kì í sì í ṣe eré tí mo sá ló fà á.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ ọjà tí Tàjù kì í yà sí ìsọ̀ wa.

"Olólùfẹ́ mi, ìràwọ̀ òwú..."

"Tàjù!"

"Asiata."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ìyẹn tó."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé etí bàbá mi, Sàláwù àgbẹ̀, ó béèrè ibi tí ọmọ náà ti wá. Mo ní Ẹ̀rìn-Ilé, pé bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ló kù. Ó dá òkèlè padà sínú àwo.

"Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá tún gbóná láàárín àwa àtàwọn, ẹ̀yìn ta lo máa wà?"

Mo bu omi fún un, kò gbà á.

"Kí ìyá rẹ̀ wá fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn níwájú mi. Bí kò bá wá, kò sí ìgbéyàwó."

Ìyá Tàjù ní òun ò wá. Ó ní ọmọ Ọ̀fà kò ní wọ ilé òun. Tàjù bẹ̀ ẹ́ títí, gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn rẹ̀ tán. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wé gèlè mi, tí mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ẹ̀rìn-Ilé. Ọmọbìnrin kì í lọ bẹ ìyá ọkọ fúnra rẹ̀, mo mọ̀. Mo lọ. Mo bá a níbi tó ti ń bẹ ẹ̀gẹ́, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Èmi ni Asiata tí ẹ ní ẹ ò fẹ́. Mo ní kí ẹ kúkú rí ohun tí ẹ kọ̀."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Ojú ẹ mà le o, ìwọ ọmọ yìí!"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń wí nílé wa, Mà."

"Kí lo rí lára ọmọ mi? Àbí ẹnu dídùn yẹn ló fi mú ọ?"

"Ẹnu yẹn ló kù díẹ̀ kó ba ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ lójú mi, Mà." Mo wá ròyìn bí mo ṣe di ẹja ńlá.

"Nígbà tí o ṣubú, ṣé ó gbé ọ dìde?"

"Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀."

Ìyá náà gbé ọ̀bẹ rẹ̀ sílẹ̀. "Tàjù rẹ́rìn-ín? Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, ọ̀rọ̀ nìkan ni mò ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀." Ó ti ọ̀bẹ kejì sí mi. "Dìde nílẹ̀. Bá mi bẹ ẹ̀gẹ́."

Òun àtàwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ ló jọ wá sílé wa. Mo fi ara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bàbá mi kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Ìyá Tàjù, ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá gbóná, ẹ̀yìn ta ni ọmọ mi máa wà?"

"Inú yàrá mi ló máa wà. Ẹ̀yin náà ẹ dá mi lóhùn: ta ni nínú yín tó máa ju òkúta sílé tí ọmọ yín ń sùn? Àwa náà, ta ni nínú wa tó máa gbé kùmọ̀ wá sílé bàbá ìyàwó wa?"

Mo lẹ etí mọ́ ilẹ̀kùn.

"Asiata!" bàbá mi ké. "Mo mọ̀ pé o wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Gbé omi wá fún àwọn àna mi."

Àna! Mo sáré débi pé ìdajì omi náà dà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì wa, Tàjù ti to ọ̀rọ̀ gígùn kan jọ. Kò ráyè sọ ọ́. Àáfà yíjú sí mi.

"Asiata ọmọ Sàláwù, ǹjẹ́ o gbà láti..."

"Mo gbà!"

"Mi ò tíì dárúkọ ọkọ."

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ẹ máa bá a lọ."