Ẹ Má Pa Ẹ̀rọ Yìí

Ẹ̀gbẹ́ àkàbà ni wọ́n ti bá òkú bàbá kan nínú yàrá kọ̀ǹpútà. Orí ti fọ́, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ilẹ̀. Òun ni ọ̀gá àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ omi.

"Ó já bọ́ ni," ni àwọn tó kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà ń wí, bí ẹni pé ó ṣojú wọn.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó wá síbẹ̀ gba àárín wọn kọjá wọlé. Ìyá Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí ó máa ń kí ènìyàn ní pẹ̀lẹ́ kó tó fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí i lọ́wọ́. Ó wo ẹsẹ̀ òkú. Irin tí dókítà fi di orúnkún rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ta ló ń fi irú ẹsẹ̀ yìí gun àkàbà? Ó tún rí ẹ̀jẹ̀ ní etí àpótí irin tí wọ́n to ẹ̀rọ sí, níbi tí orí ẹni tó dúró nílẹ̀ lè gbá. Wọ́n tì í ni.

Lẹ́yìn bàbá, ènìyàn méjì péré ló ní káàdì tó ń ṣí yàrá náà: ọmọ rẹ̀ tó ń bá a ṣiṣẹ́ àti igbákejì rẹ̀. Ẹnì kan sì ti pa gbogbo àkọsílẹ̀ àwọn tó ṣí ilẹ̀kùn rẹ́. Àwọn ọlọ́pàá ti mú ọmọ, nítorí ẹ̀ṣọ́ gbọ́ tí òun àti bàbá rẹ̀ ń jà láàárọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọn yóò ka ẹ̀sùn ìpànìyàn sí i lẹ́sẹ̀.

"Kí lẹ jà sí?" ni Ìyá Pẹ̀lẹ́ bi í.

"Iṣẹ́ ni, Mà." Ojú ọmọ náà ti wú fún ẹkún. "Wọ́n fẹ́ kí n gba ipò wọn. Mo ní mi ò ṣe. Wọ́n ní ó dáa, àwọn mọ ẹni tí àwọn máa fún. Mo kàn jáde ni, Mà. Mi ò tiẹ̀ dágbére."

Àánú ọmọ náà ṣe é. Ṣùgbọ́n àánú kì í ṣe ẹ̀rí.

Ara igbákejì balẹ̀ ní tirẹ̀. Ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn, fúláàṣì kékeré kan tí wọ́n fi ń kó fáìlì sì wà lára rẹ̀.

"Mi ò wọ yàrá yẹn látàná, Mà."

"Fúláàṣì yẹn ńkọ́?"

"Ti ilé ni. Kò kan ẹ̀rọ ibí rí."

Ìyá Pẹ̀lẹ́ jókòó síwájú ẹ̀rọ ńlá. Bàbá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé kan lẹ̀ mọ́ ọn: Ẹ MÁ PA Ẹ̀RỌ YÌÍ. Gbogbo fáìlì àkọsílẹ̀ ló ti pòórá. Ṣùgbọ́n kánẹ́ẹ̀lì, tí í ṣe ọkàn ẹ̀rọ, ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tó ń há sórí, kì í sì í gbàgbé rẹ̀ àfi bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ. Ó tẹ dmesg -T, àṣẹ tó ń mú ọ̀rọ̀ náà jáde pẹ̀lú àkókò rẹ̀, ó wá rọra ń ka ohun tó jáde.

Láàárọ̀ yẹn, lẹ́yìn ìjà, fúláàṣì kan wọlé. Nọ́ńbà tí wọ́n ṣe mọ́ ọn lára, tí òmíràn kì í ní, wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìròyìn àṣìṣe tò tẹ̀lé ara wọn: ẹnì kan ti fà á yọ nígbà tó ṣì ń da nǹkan kọ.

"Ẹ bá mi ki fúláàṣì yín bọ ibí."

Igbákejì yọ ọ́ lára kọ́kọ́rọ́, ó sì kì í bọ ẹ̀rọ. Ìyá Pẹ̀lẹ́ tún tẹ àṣẹ náà. Nọ́ńbà kan náà ló jáde nísàlẹ̀ pátápátá.

Ọkùnrin náà wá ibì kan jókòó.

"Ètò tí mo fọwọ́ ara mi kọ ni mo ń dà kọ, Mà. Mo fẹ́ gbé e lọ síbi iṣẹ́ míì. Bàbá wọlé, wọ́n fà á yọ. Mo tì wọ́n, orí wọn gbá irin. Èmi ni mo gbé àkàbà síbẹ̀, tí mo sì pa àkọsílẹ̀ rẹ́."

"Ẹ ò ṣe wá pa ẹ̀rọ? Gbogbo rẹ̀ ì bá nù."

"Mo mọ̀. Mo gbọ́wọ́ lé bọ́tìnì." Ó wo ìwé ara ẹ̀rọ. "Bàbá ni wọ́n kọ́ mi níṣẹ́. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi ni pé a kì í pa á. Ọwọ́ mi ò gbà á."

"Kí ló lé yín?"

"Gbogbo ọdún tí mo fi sìn wọ́n, ọmọ wọn ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ọ̀gá lé mi lórí."

"Ọmọ kọ̀ ọ́," ni Ìyá Pẹ̀lẹ́ wí. "Ohun tí wọ́n jà sí nìyẹn. Bàbá ní àwọn mọ ẹni tí àwọn máa fún."

Ọkùnrin náà yọ káàdì yàrá náà lápò, ó gbé e sílẹ̀.

"Wọ́n ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n wọlé. Wọ́n ní àwọn ń wá mi. Ìgbà tó yá ni wọ́n rí fúláàṣì."

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ni Ìyá Pẹ̀lẹ́ wí, ó sì mú ṣẹkẹṣẹkẹ jáde.