Oko Tí Sátẹ́láìtì Rí

Ǹ bá má sọ ọ́ rárá, torí n kò fẹ́ràn kí èèyàn máa wò mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe. Màmá mi náà rí i.

Lẹ́yìn ikú bàbá mi ní Oro-Ago, oko iṣu wọn di igbó. Ó ti rẹ Màmá. Orúnkún wọn wú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí à ń pè ní Bàbá Fọlárìn ní bí oko náà bá fi lè ṣófo lọ́dún yìí, ẹbí á gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ń ro ilẹ̀ la máa ń fi í sílẹ̀ fún. Bàbá Fọlárìn fúnra wọn ò lè rìn débẹ̀ mọ́, nítorí náà Àǹtí Motún, tó ń bá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ṣiṣẹ́, ló ń fi àwòrán hàn wọ́n lórí fóònù.

"Sátẹ́láìtì ń kọjá lókè," Àǹtí Motún ṣàlàyé. "Ó ń ka ìmọ́lẹ̀ tí ewé ń tàn padà, títí kan èyí tí ojú wa ò lè rí. Ó mọ igbó yàtọ̀ sí iṣu. Lórí fóònù yìí, igbó á pọ́n, oko iṣu á ní àwọ̀ ewé."

"Ṣé ó ń rí ọ̀lẹ náà?" Bàbá Fọlárìn bi í, wọ́n ń wo Màmá.

Màmá ń fọwọ́ pa orúnkún wọn.

Àwòrán dé. Oko wa ní àwọ̀ ewé.

"Ìyàwó, o ò tilẹ̀ sọ pé o ti kọ ebè. Ó dáa. Ilẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ," Bàbá Fọlárìn wí.

Màmá wò mí. Mo wolẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò kọ ebè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, a lọ wò ó. Igbó ni. Èèsún ga jù mí lọ. Ẹyẹ ò ké. Atẹ́gùn ń mi igi lókèèrè, ṣùgbọ́n ewé kan ò mì nínú oko wa. Ilẹ̀ ń rùn bí ìgbà tí ọkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u.

Nínú àwòrán tó tẹ̀lé e, àwọ̀ ewé náà ti ń gòkè láti etí odò, ó yípo àpáta. Bàbá mi nìkan ló máa ń dáko báyẹn.

"Bàbá yín ò sinmi," Màmá wí jẹ́jẹ́. "Nígbà ayé wọn náà, wọn kì í sinmi."

Wọ́n gbé ọkọ́, pẹ̀lú orúnkún wíwú yẹn. A ṣánko, a kọ ebè, a gbin iṣu. Ó hù. Mo fọwọ́ kan ewé rẹ̀.

Àǹtí Motún ṣí fóònù. Gbogbo ibi tí a ro ti pọ́n.

"Ó ní igbó ni. Bóyá ìkùukùu ló bò ó." Ó tún un wò. "Rárá. Ojú ọ̀run mọ́."

"Jọ̀ọ́, má tíì fi han Bàbá Fọlárìn," Màmá bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí Àǹtí Motún lọ, Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Bàbá yín ò fẹ́ ká bá wọn ṣe é."

A hú iṣu náà kúrò, a fi oko sílẹ̀. Àwọ̀ ewé padà, látòkè délẹ̀. Bàbá Fọlárìn yin Màmá lójú ẹbí, wọ́n ní kí a gbé iṣu tuntun wá.

Èmi ni mo lọ ra iṣu l'Ókè-Ọdẹ, lọ́wọ́ obìnrin kan tí n kò rí rí. Màmá sè é, a gbé e lọ.

Bàbá Fọlárìn jẹ ègé kan. Omi lé sójú wọn.

"Iṣu àbúrò mi nìyí," wọ́n wí. "N kò lè ṣi adùn rẹ̀ mọ̀."

Màmá rọra gbé ọwọ́ kúrò nínú àwo.