Fèrèsé Wọ́ọ̀dù Oníkọ́

Orí àkàsọ̀ ni Múyìwá wà nínú wọ́ọ̀dù oníkọ́, tùràrí ń jó lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo èéfín rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ojú ìyàwó tuntun, nígbà tí ẹyinjú méjì yọ sí i lókè ìbòmú búlúù kan. Ẹyinjú náà tóbi, ó dúdú, ó sì ń bínú.

"Bọ̀dá, ṣé Séráfù ni yín ni? Ẹ ń sun tùràrí fún àwọn tí ò lè mí dáadáa!"

Múyìwá fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. "Ẹ má bínú, Nọ́ọ̀sì. Ọ̀nà tí èéfín yìí bá gbà, ibẹ̀ náà ni ikọ́ bàbá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yìí ń gbà."

Àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ èéfín. Ó rọra kọjá lórí bẹ́ẹ̀dì, ó yà, ó sì lọ dúró sórí tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì, lókè àga tí ẹni tó ń bínú máa ń jókòó sí gan-an.

"Haba!" ni nọ́ọ̀sì náà, Fúnlọ́lá, wí. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ẹ má sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

Bàbá Fúnlọ́lá ló ni ilé ìwòsàn náà, ní Sabon Gari ìlú Kánò. Dókítà Olújìmí fẹ́ràn àwọn aláìsàn, ó sì fẹ́ràn kí ayé rí i pé òun fẹ́ràn wọn. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò rẹ̀ fi wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo, àfi ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Òun ló fi gíláàsì aláwọ̀ wúrà dí fèrèsé pa, kí ilé ìwòsàn lè jọ àwọn òtẹ́ẹ̀lì Nassarawa GRA. Múyìwá, ẹnjiníà ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n pè wá tún wọ́ọ̀dù náà ṣe, fọ́ gíláàsì náà dànù. Ó la fèrèsé gbàgàdà sí ìhà méjèèjì, kí afẹ́fẹ́ máa gba ẹ̀yìn tábìlì nọ́ọ̀sì wọlé, kó gbá èémí àwọn aláìsàn mọ́ra, kó sì bá ìhà ọ̀dọ̀ wọn jáde.

Lọ́jọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù wá yà á sí mímọ́, Dókítà sọ̀rọ̀ títí bí ẹni pé òun ló dá afẹ́fẹ́. Orí Múyìwá náà wú díẹ̀. Àwòrán wọ́ọ̀dù yẹn ló fi sójú fóònù rẹ̀, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ọmọ wọn sí.

"Ṣé fèrèsé lo fẹ́ fẹ́ ni àbí èmi?" Fúnlọ́lá bi í ní ìrọ̀lẹ́ kan tí wọ́n ń jẹ máásà, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa, létí Airport Road.

"Fèrèsé ò lè jẹ máásà tó báyìí."

"Kai! O ń ṣọ́ ẹnu mi?"

"Rárá o, olólùfẹ́. Mò ń ṣọ́ ìka mi ni, kó má bá máásà lọ."

Wọ́n dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ sí Sátidé kan lóṣù Kejìlá. Àwọn ẹbí Múyìwá yóò wọkọ̀ wá láti Ìbàdàn. Ọyẹ́ ló ṣáájú wọn dé.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, Múyìwá yà ní wọ́ọ̀dù láti kí àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Kọ́tìnì ló kọ́kọ́ rí. Níhà àwọn aláìsàn, kọ́tìnì tó ti ń fẹ́ síta látìgbà òjò ti yíjú padà. Inú ilé ló ń fẹ́ sí wàyí, ó wú bí ikùn olóyún, ó sì kọjú sí tábìlì Fúnlọ́lá tààrà.

Múyìwá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àsìkò òjò ló wọn afẹ́fẹ́ Kánò, nígbà tó ń ti gúúsù fẹ́ wá. Ìhà àríwá ni ọyẹ́ ti ń bọ̀. Ní Ìbàdàn, ọyẹ́ kì í pẹ́ tó ohun tí ẹnjiníà ń kọ́lé tìtorí rẹ̀; ní Kánò, ọ̀pọ̀ oṣù ló fi ń fẹ́. Kò rò ó. Kò tilẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Fúnlọ́lá wúkọ́. Ìbòmú rẹ̀ ti wálẹ̀ sí àgbọ̀n. Lójú tirẹ̀, wọ́ọ̀dù tí àfẹ́sọ́nà òun tún ṣe, ewu wo ló tún kù níbẹ̀?

"Ìgbà wo lo ti ń wúkọ́?"

"Eruku ni, wallahi. Gbogbo Kánò ló ń wúkọ́."

Òótọ́ ni, ohun tó sì já a láyà nìyẹn. Nínú ìlú tí gbogbo èèyàn ti ń wúkọ́, ta ni yóò mọ ikọ́ ife yàtọ̀? Àmọ́ Sátidé ti dé tán. Bó bá pa ẹnu mọ́ di ẹ̀yìn mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ta ni yóò bi í? Ó rò ó dé ibi tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́gbọ́n mu.

Fúnlọ́lá tún wúkọ́. Múyìwá nawọ́, ó fa ìbòmú náà bò ó nímú, ó sì gba ọ́fíìsì Dókítà lọ.

"Lẹ́yìn tí bíṣọ́ọ̀bù ti yà á sí mímọ́?" Dókítà Olújìmí dìde nígbà tó gbọ́ pé afẹ́fẹ́ ti yíjú padà. "Ṣé kí n ní kó padà wá kó àdúrà rẹ̀ ni?"

"Àṣìṣe tèmi ni, sà. Ẹ jẹ́ ká kó àwọn aláìsàn kúrò níbẹ̀ lónìí. A ó fi fáànù ńlá sí ìhà ọ̀dọ̀ wọn, tí yóò máa fa afẹ́fẹ́ síta, ìbáà jẹ́ ọyẹ́, ìbáà jẹ́ òjò. Kí gbogbo nọ́ọ̀sì sì ṣe àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀."

"Ọmọ mi ńkọ́?"

"Òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, sà."

Dókítà jókòó. Kò pariwo, ìyẹn sì burú ju ariwo lọ. "Sọ fún àwọn ẹbí rẹ kí wọ́n má wulẹ̀ wọkọ̀."

Abẹ́ igi dóńgóyárò, níwájú ilé àyẹ̀wò, ni Múyìwá ti bá Fúnlọ́lá lọ́jọ́ kejì. Ó ń dúró de èsì.

"Ò bá ti dákẹ́ di ọjọ́ Sátidé," ni Fúnlọ́lá wí, kò wojú rẹ̀.

"Mo rò ó."

"O rò ó!"

"Mo rò ó, ìfẹ́ mi. Ìgbà náà ni o tún wúkọ́."

"Bí mo bá ní in ńkọ́? Oṣù mẹ́fà ni oògùn rẹ̀. Kọ́ọ̀pù ọ̀tọ̀ ni wọ́n á máa fi bu omi fún mi ládùúgbò yìí."

"Kọ́ọ̀pù yẹn lèmi náà á máa fi mu."

"Kì í gba kọ́ọ̀pù ràn, ẹnjiníà. Afẹ́fẹ́ ni."

"Jọ̀ọ́, má dárúkọ afẹ́fẹ́ fún mi mọ́."

Fúnlọ́lá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ikọ́.

"Gbé fóònù rẹ wá," Fúnlọ́lá wí lẹ́yìn náà. Ó tẹ ìyá Múyìwá láago. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ ti dirù? Ẹ máa bọ̀, mà. Rárá o, kò sóhun tó yẹ̀. Ẹ sáà mú aṣọ òtútù dání."

"Èsì ò tíì jáde," ni Múyìwá wí.

"Mo mọ̀."

Ilẹ̀kùn ṣí. Dókítà Olújìmí fúnra rẹ̀ ló mú ìwé náà jáde. Kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án.

"Kò sí," ló wí. "A ó tún un yẹ̀ wò lóṣù tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò sí." Ó jókòó wọ́ọ́ sáàárín wọn lórí bẹ́ǹṣì, ó sì nu ojú. "Ẹnjiníà, kí àwọn ẹbí rẹ máa bọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ fèrèsé níwájú wọn."

"Dádì," Fúnlọ́lá wí jẹ́jẹ́, "mo ti ní kí wọ́n máa bọ̀ kẹ́ ẹ tó jáde."

Dókítà wo ọmọ rẹ̀, ó wo Múyìwá, ó sì sún kúrò láàárín wọn.