Fíìmù Ojú Ìwé Kọkànlélọ́gbọ̀n

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, akọ̀wé ìwé ètò gun àtẹ̀gùn ilé sinimá pẹ̀lú gọ́ọ̀mù àti bébà kan lọ́wọ́. Ó ti kọ ọ́ sí bébà náà pé fíìmù aago mẹ́rin kò dé, kí àwọn èèyàn má bínú. Bàbá oníẹ̀rọ, tó ti ń gbé fíìmù sójú aṣọ funfun láti ọgbọ̀n ọdún, pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ.

"Ọ̀gá, ẹ má wulẹ̀ lẹ̀ ẹ́. Ó ti dé."

"Kí ló dé?"

"Fíìmù ojú ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n. Mo bá àpótí rẹ̀ lórí ẹ̀rọ nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn. Ó tutù bí ẹni pé inú omi ni wọ́n ti gbé e jáde. Ẹ ò kàn kọ iye ìṣẹ́jú rẹ̀ fún wa."

"Tó bá parí, ẹ ó mọ̀," ni akọ̀wé fi dá a lóhùn, nítorí bó ṣe máa ń dá àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lóhùn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ká bébà náà sínú àpò rẹ̀. Kò sí fíìmù kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló hùmọ̀ rẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń kọ ìwé ètò àjọ̀dún fíìmù àgbáyé yìí, èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún fíìmù ilẹ̀ Éṣíà, kò sì tíì jókòó wo ọ̀kan rí. Àwòrán kan ṣoṣo láti inú fíìmù kọ̀ọ̀kan ló máa ń wò. Bí obìnrin bá dúró lẹ́bàá fèrèsé, á kọ ọ́ pé ọmọ rẹ̀ lọ sójú ogun. Bí òjò bá ń rọ̀, á kọ ọ́ pé ìfẹ́ ti dópin. Ìbéèrè ló sì máa ń fi parí rẹ̀, nítorí òfin iṣẹ́ wọn ni pé ìwé ètò kì í sọ òpin fíìmù fún ẹnikẹ́ni. "Kí lèèyàn fẹ́ wò," ló máa ń wí, "nínú fíìmù tí ẹnì kan fi ìdajì wákàtí bó ọsàn?" Àwọn tó ń wá wò ó ńkọ́? Wọ́n ń mi orí sí ohun tí kò yé wọn, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ kí a má baà mọ̀ pé wọ́n sùn. Ní ti ìyẹn, kò parọ́ mọ́ wọn.

Lọ́dún yìí, wọ́n fa fíìmù kan yọ ní ọ̀sán ọjọ́ tí ìwé ń lọ sílé ìtẹ̀wé. Ojú ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n ṣófo. Akọ̀wé kọ ìlà díẹ̀ síbẹ̀ kó lè di àyè mú, ó ní òun á pààrọ̀ rẹ̀ tí òun bá jẹun tán. Ó jẹun tán, ó gbàgbé. Ohun tí wọ́n tẹ̀ nìyí:

"Ọkùnrin kan tí kì í fẹ́ wo ojú ẹnikẹ́ni wá jókòó ti ọmọ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọmọ náà kò rí i. Kò sẹ́ni tó rí i mọ́. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni yóò tún rí i kí fíìmù tó parí?"

Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tán ṣáájú ti gbogbo ìyókù. Olùdarí àjọ̀dún, obìnrin tí kì í gbà pé fíìmù kan wà tí òun ò mọ̀, ní òun ti wò ó lókè òkun, ẹkún lòun sun jáde. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run ún bí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀ṣẹ́ gbá níkùn. Ìgbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, mú ìwé náà wá bá a nídìí tábìlì ni ẹ̀rín dá.

"Dádì, èyí nìkan ló wù mí nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ. Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó. Lọ́dún tó kọjá ẹ ní ẹ máa mú mi lọ. Èyí tó ṣáájú ẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe wí."

"Mo gbọ́." Kò gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀.

"Tẹ́ ò bá wá lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ní bi yín mọ́."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ẹni ń ka àkókò ọkọ̀ ló ṣe sọ ọ́, ìyẹn ló sì wọ bàbá rẹ̀ lára. Ó gba méjì nínú tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi pamọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́. Ó ti pinnu pé tí òun bá lẹ bébà náà tán, òun á ra ohun tútù fún un, kò sì ní mọ̀ pé irọ́ ni bàbá òun ń kọ jẹun.

Bébà náà kò wúlò mọ́. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin, ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé aláìníṣẹ́ kan ló gbé fíìmù tirẹ̀ wá. Ó na tíkẹ́ẹ̀tì sí ọkùnrin ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin náà na ọwọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, ó gba ti ẹni tó wà lẹ́yìn. "Aláìlẹ́kọ̀ọ́," ni akọ̀wé wí, ó sì wọlé.

Ọmọ rẹ̀ ti jókòó ní ìlà karùn-ún, ìwé ètò lórí itan rẹ̀. Akọ̀wé jókòó tì í.

"Mo ti dé."

Ọmọ náà ń wo ẹnu ọ̀nà.

Obìnrin àgbàlagbà kan tí kò rí ìjókòó bẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ wọn. "Ọmọ mi, ṣé ẹnì kan wà níbí?"

"Dádì mi ni, mà. Wọ́n ń bọ̀."

"Jẹ́ kí n gbé báàgì mi síbẹ̀ títí wọ́n á fi dé." Ó gbé e lé orí itan akọ̀wé, ó sì lọ fara ti ògiri. Báàgì náà kún, ṣùgbọ́n kò wúwo rárá.

Iná kú. Ohun tó yọ lójú aṣọ funfun ni gbọ̀ngàn kan tó kún fún èèyàn, gbogbo wọn kọjú síwájú. Ọmọbìnrin kan wà ní ìlà karùn-ún. Báàgì kan wà lórí ìjókòó tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn òǹwòran mi orí. Olùdarí nu ojú rẹ̀. Akọ̀wé kígbe títí ohùn rẹ̀ fi ha, kò sẹ́ni tó yíjú. Ó wá tẹjú mọ́ fíìmù náà bí kò ṣe wo fíìmù kankan rí, ó ń fi ojú wá ara rẹ̀ láti igun dé igun. Kò sí níbẹ̀.

Ó mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà fi ọwọ́ ọ̀hún họ imú.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọmọ náà yíjú sí obìnrin tó fara ti ògiri. "Ẹ wá jókòó, mà," ó rọra sọ. "Wọn ò ní wá mọ́."

Obìnrin náà gbé báàgì rẹ̀ kúrò, ó kó aṣọ rẹ̀ jọ, ó sì fi gbogbo ara jókòó.

"Ó mà tutù níbí o," ó ní. "Ìṣẹ́jú mélòó ni fíìmù yìí gan-an?"

Ọmọ náà ṣí ojú ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n, ó gbé e sún mọ́ ìmọ́lẹ̀.

"Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀, mà."