Ta Ló Ka Bàbá Ìmùṣin?

Àwọn adìyẹ ló kọ́kọ́ tú àṣírí náà. Hanifah ń gbá ẹ̀yìnkùlé ní òwúrọ̀ Sátidé nígbà tó rí wọn lábẹ́ igi ìbẹ́pẹ, tí wọ́n ń ṣá gàrí jẹ. Kì í ṣe ìsàlẹ̀ abọ́. Odindi abọ́ gàrí ni, ó ti rin, ó ti wú, ẹnìkan sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dà á nù.

Nínú ilé Gbàdàmọ́sí, a kì í da oúnjẹ nù. Ìyá bàbá Hanifah, Àlájà Wòsílátù, ló ṣe òfin náà. Gàrí ló tà ní Ìjẹ̀bú-Òde títí irun rẹ̀ fi funfun.

"Màmá, ta ló da gàrí nù?"

Àlájà fi etí ìborùn bo ẹnu. "Gàrí ayé ìsinsìnyí ò dára mọ́. Iyanrìn ni wọ́n ń pò mọ́ ọn."

Hanifah bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú àpò gàrí, ó jù ú sẹ́nu. Ó kan dáadáa, ó gbẹ, ó ń ró lábẹ́ ehín. Kò sí iyanrìn kankan níbẹ̀. Ó yíjú wo ìyá àgbà. Kí ló lè mú ọmọ Ìjẹ̀bú purọ́ mọ́ gàrí?

Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ ọ. Ó rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún nìkan ni Àlájà fi ń jẹun, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó tì í. Òórùn kànáfùrù kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń fi òórùn kan bo òmíràn. Aáṣáà, tábà lílọ̀ tó ti ń tẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì láti ìgbà ọ̀dọ́, ti ṣí lọ sí apá ọ̀tún.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, Ọ̀gbẹ́ni Bọ̀wálé, olùkọ́ bàọ́lọ́jì, yan Hanifah àti Yasir, ọmọ kíláàsì rẹ̀, láti ṣojú ilé ìwé wọn níbi ìdíje kan ní Odògbolú. Iṣẹ́ wọn ni láti fi àrùn jẹjẹrẹ ẹnu àti ọ̀fun ní orílẹ̀-èdè wa wé ti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn: báwo ni àwọn tó ń ní in ṣe pọ̀ tó, àti báwo ni àwọn tó ń yè é ṣe pọ̀ tó. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ni ẹ̀bùn ẹni tó bá gbégbá orókè.

Yasir wá a lórí fóònù. Kò pẹ́ tó fi pariwo.

"Hanifah, wò ó! Tiwa kéré! Ti àwọn òyìnbó ju tiwa lọ, ti Íńdíà gan-an ló tún wá burú. Àrùn wọn ni, kì í ṣe tiwa. Tá a bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn adájọ́ á dìde pàtẹ́wọ́."

"Wo ìlà kejì ná. Nínú àwọn tó ní in lọ́dọ̀ òyìnbó, ọ̀pọ̀ ló ń yè. Nínú tiwa, ọ̀pọ̀ ló ń kú. Tó bá kéré lọ́dọ̀ wa lóòótọ́, kí ló dé tó ń pa wá báyìí?"

"Ìwọ yìí fura ju ọlọ́pàá lọ! Ẹ̀bùn lo fẹ́ gbà ni àbí o fẹ́ ti nọ́ńbà mọ́lé?"

Hanifah rẹ́rìn-ín. Ó ronú kan kọ̀ǹpútà náà, ó sì yọ ìlà kejì kúrò. Gbólóhùn tó dùn ló kù: "Àrùn yìí kì í ṣe àrùn wa."

Ní ìrọ̀lẹ́, ó dúró ní pálọ̀, ó ń kà á sókè. Nígbà tó dé ibi gbólóhùn yẹn, Àlájà gbórí sókè.

"Tún un kà."

Hanifah tún un kà.

"Alhamdulillah!" Inú Àlájà dùn, ó dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Hanifah rí i. Ṣùgbọ́n ìyìn ti wọ̀ ọ́ lára, kò béèrè ohunkóhun.

Oṣù kan kọjá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì Àlájà wú tó bẹ́ẹ̀ tí ìborùn kò lè bò ó mọ́. Bàbá Hanifah ní kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn.

"Ṣe kí ni?" ni Àlájà wí. "Ọmọ rẹ ti kà á sí mi létí. Ilé ìwé ló kọ ọ́ pé kì í ṣe àrùn wa. Ehín ló ń dùn mí."

Hanifah kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá àgbà. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yanu kí n wò ó."

"Kí lo fẹ́ wò? Ṣé ìwọ ni dókítà ni? Ehín yìí náà ló pa àbúrò mi, Bàbá Ìmùṣin. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú títí kò fi lè gbé itọ́ mì. Ta ló pe ìyẹn ní jẹjẹrẹ?"

"Ilé ìwòsàn wo ni wọ́n gbé wọn lọ?"

"Kò lọ sí ibì kankan. Ilé ló kú sí. A sin ín lọ́jọ́ kan náà."

"Nígbà náà, ta ló kà wọ́n?"

"Ta ló ka kí ni?"

"Ta ló ka Bàbá Ìmùṣin mọ́ àwọn tí àrùn náà pa?"

Hanifah náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ ni. Níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹnu wò, wọ́n ń tètè rí àrùn náà, wọ́n ń kà á, wọ́n sì ń wò ó sàn. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ ń kú sílé, a ó ní ehín ni, a ó ní ọ̀tá ni. A kò kà wọ́n. Ìdí nìyí tí iye wa fi kéré.

"Mo tàn yín, Màmá," ó wí. "Ìdajì ọ̀rọ̀ ni mo kà fún yín. Ìdajì tí kò dùn wà níbẹ̀, mo yọ ọ́ kúrò."

Àlájà nàka sí i. "Tí mo bá lọ, ìwọ lo máa tẹ̀lé mi. Ìwọ lo tàn mí, ìwọ lo máa jókòó tì mí."

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ tí dókítà tó ń wo ẹnu máa ń wá. Ọjọ́bọ̀ náà ni ìdíje.

"Ṣé orí ẹ pé?" Yasir jágbe mọ́ ọn. "Kọ̀ǹpútà ńkọ́?"

"Ìwọ nìkan lọ. Ṣùgbọ́n ka ìlà kejì."

"Wọn ò ní pàtẹ́wọ́ o."

"Kí wọ́n má pàtẹ́wọ́."

Dókítà Matilda tan iná sí ẹnu Àlájà. Ọgbẹ́ náà wà níbi tí aáṣáà ti ń jókòó gan-an. Ó gé díẹ̀ lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì dé, jẹjẹrẹ ni.

"Ká ní ẹ wá nígbà tí gàrí kọ́kọ́ ń ta yín lẹ́nu ni," ni dókítà wí, "iṣẹ́ abẹ yìí ì bá kéré. Ṣùgbọ́n kò tíì dé ọrùn. A ó ṣe é."

Hanifah kò lè gbójú sókè. Nọ́ọ̀sì kan ń tẹ orúkọ Àlájà sínú kọ̀ǹpútà. Àlájà na ọrùn, ojú rẹ̀ kún fún ìfura.

"Kí ni wọ́n ń kọ nípa mi?"

"Wọ́n ń kà yín, Màmá."

Ipò kẹta ni Yasir gbà. Ó bínú sí Hanifah fún ìgbà díẹ̀, kó tó wá jẹ́wọ́ pé, "Nígbà tí mo ka ìlà kejì yẹn, gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́. Obìnrin kan lẹ́yìn rọra fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀."

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, Ọ̀gbẹ́ni Bọ̀wálé ní kí Hanifah bá gbogbo ilé ìwé sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ lórí ìdúró. "Ẹni tó bá fún yín ní nọ́ńbà tó dùn mọ́ni, ẹ bi í léèrè ẹni tí wọn ò kà. Ẹ má ṣe sọ ìdajì òtítọ́, nítorí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn lè gbà á gbọ́. Bí ọgbẹ́ ẹnu bá sì lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò jinná, ẹ má pè é ní ehín. Ẹ gbé e lọ bá dókítà." Ó padà sí àyè rẹ̀.

Nílé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àlájà ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì já gaara bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò fi aáṣáà sẹ́nu mọ́. Ó rẹ gàrí títí ó fi rọ̀, ó ń fi ṣíbí kékeré bù ú.

"Ṣé wọ́n ti kà mí mọ́ àwọn tó yè?"

"Ó kù díẹ̀, Màmá. Dókítà ní ká ṣì máa padà wá fún àyẹ̀wò."

"Kí wọ́n tọ́jú àyè mi síbẹ̀." Ó gbé abọ́ náà sókè, ó mu omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ tán. Lábẹ́ igi ìbẹ́pẹ, àwọn adìyẹ dúró, wọ́n ń wò ó. Kò sí ohun tó kù fún wọn.