Mílíìkì Ọmọ Ọwọ́ ní Kàǹtà Kẹta

Inú ń bí ọmọbìnrin náà lọ́jọ́ tí Oníkọ̀ǹpútà kọ́kọ́ fojú kàn án, ìbínú ọ̀hún sì yẹ ẹ́ bí aṣọ tuntun. Ó dúró sí kàǹtà kẹta nínú ilé ìtajà ńlá náà, ọwọ́ kan ní ìbàdí, ó ń fi èkejì gbá ẹ̀rọ ìsanwó létí.

"Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́," ó wí.

"Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé?"

"Ó rí yín, ẹ̀rù bà á."

Àwọn kaṣíà tó kù bú sẹ́rìn-ín. Sisí Kàǹtà ni wọ́n ń pè é.

Ìjọba ló fi kún owó orí ọjà, wọ́n sì rán Oníkọ̀ǹpútà wá kó fi iye tuntun sínú gbogbo ẹ̀rọ méjìlá kí oṣù tó ń bọ̀ tó wọlé. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ló fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe. Kàǹtà kẹta nìkan gba ọjọ́ méjì.

"Ẹ̀rọ ni wọ́n ní kó o tún ṣe o, kì í ṣe ọmọ mi," ni ìyá Sisí sọ fún un, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà lójú rẹ̀. Òun ni ọ̀gá àwọn kaṣíà, opó tó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún nídìí iṣẹ́ náà. Nígbà tí Oníkọ̀ǹpútà sọ pé, "Màámi, mo ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò," ó gbà á gbọ́, ó sì fọwọ́ sí ìwé pé iṣẹ́ parí.

Láti ìgbà náà, Oníkọ̀ǹpútà a máa dúró de Sisí lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn iṣẹ́, wọn á jọ fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, wọn á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ títí dé ẹnu ilẹ̀kùn. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, ó ti ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bàbá kan ra mílíìkì ọmọ ọwọ́, Sisí sì rí i lórí rìsíìtì pé ẹ̀rọ ti gba owó orí lé e. Òfin ò sì fi owó orí sórí mílíìkì ọmọ ọwọ́. Oníkọ̀ǹpútà ti gbàgbé láti yọ ọ́ sọ́tọ̀. Sisí pè é lórí fóònù.

Ohùn rẹ̀ yí padà. "Ìfẹ́ mi, fún mi lọ́jọ́ mẹ́ta. Bí ọ̀gá mi bá gbọ́, iṣẹ́ ti bọ́. Màá wá tún un ṣe ní jẹ́ẹ́jẹ́. Má sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan Màámi."

Sisí dákẹ́. Bó ṣe ń ta agolo kọ̀ọ̀kan, kò lè wojú ẹni tó ń rà á.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn òṣìṣẹ́ owó orí dé wá yẹ ẹ̀rọ wò, wọ́n sì rí àṣìṣe náà. Orúkọ ìyá Sisí ni wọ́n bá lórí ìwé pé iṣẹ́ parí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹni tó ni ilé ìtajà ti lé ìyá náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

"Màámi," Sisí wí nílé, ẹkún ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ dáadáa, "mo ti mọ̀ láti àná."

Ìyá rẹ̀ yíjú sí i. "O mọ̀, o sì jẹ́ kí n wọṣọ iṣẹ́ jáde láàárọ̀ yìí?"

Ó wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Oníkọ̀ǹpútà lọ jẹ́wọ́, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ni ilé ìtajà ka ìwé náà, ó dá a padà fún un. Ó ti fi àbúrò ìyàwó rẹ̀ sípò ìyá Sisí. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Oníkọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀.

"O pẹ́ jù," ni Sisí sọ fún un. "Má wá mi wá mọ́."

Oṣù méje kọjá. Ọkùnrin náà ń tún fóònù ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, á mú ìwé ìjẹ́wọ́ rẹ̀, á máa ti ilé ìtajà kan bọ́ sí òmíràn: "Obìnrin tó wà nínú ìwé yìí ò jẹ̀bi. Èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á síṣẹ́." Àwọn kan fi í ṣẹ̀sín. Níkẹyìn, ẹnì kan tó ń ta ìwé gbà, ó ránṣẹ́ pe ìyá Sisí, ó gbà á síṣẹ́, ó sì sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ fún un.

Ìyá sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀.

"Ṣé ẹ ti dárí jì í, Màámi?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣe ni mo sọ."

Sisí lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Bí mo bá sọ, á dà bíi pé mo fẹ́ fi rà ọ́ padà ni."

"Mo ti dákẹ́ nítorí rẹ nígbà kan. Mi ò ní dákẹ́ mọ́ láyé. Bó o bá ṣàṣìṣe, màá pariwo."

"Pariwo."

Sisí wò ó, omi lójú. "Ìwọ tó o gba owó orí lórí mílíìkì, ṣé o ṣì lè jẹ́ olówó orí mi?"

Ẹ̀rín bẹ́ lẹ́nu ọkùnrin náà, kó tó tán ó ti di ẹkún.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó, ìyá wá. Oníkọ̀ǹpútà tẹríba kí i.

"Ẹ kú oríire, ọ̀gbẹ́ni," ìyá dáhùn, bí ẹni ń kí oníbàárà.

Oníkọ̀ǹpútà ò tètè gbórí sókè. Sisí di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ó máa pẹ́ kí wọ́n tó pè ẹ́ lọ́mọ," ó sọ sí i létí.

"Kó pẹ́," ó wí. "Ó tọ́ sí mi."

Wọ́n jọ wọlé.