Púùsì Gàárì Adjara

Ẹ̀gẹ́ funfun balau lára ìpéǹpéjú Adjara lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ yọ sábẹ́ agboòrùn Rachad nínú ọjà kan ní Plateau, lórílẹ̀-èdè Benin. Rachad tó ń ta púùsì, ìyẹn káàdì síìmù fóònù, gbàgbé oníbàárà tó wà níwájú rẹ̀.

"Ẹ ta púùsì kan fún mi. Àwọn ará Kútọnu fẹ́ máa fi fóònù sanwó gàárì mi."

"Káàdì ìdánimọ̀ yín ńkọ́?"

"Yéè! Mo gbàgbé ẹ̀ sílé, ní Sakin."

Sakin jìnnà, oòrùn sì mú. "Ẹ má ṣèyọnu," ni Rachad wí, "màá fi orúkọ tèmi ṣe é." Àánú ló pè é o! Èmi mọ̀ pé ìfẹ́ ni.

Láti ọjọ́ náà, Rachad ń bá a gbé àwòrán gàárì sórí Wàsáàpù, owó sì ń wọlé sórí fóònù. Lọ́jọọjọ́ ọjà, wọ́n á jọ mu gàárì.

"Gàárì ẹ ò dùn tó ìwọ alára."

"Ẹlẹ́nu dídùn! Ìyẹn lo ṣe ń mu ún lọ́fẹ̀ẹ́?"

Nígbà tó yá, ọjà pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ Adjara lè rin lọ. Ó nílò ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́. Ilé ìyánilówó kan ní àwọn á kọ́kọ́ wo bí owó ṣe ń wọ fóònù rẹ̀. Adjara fi ẹ̀rín lọ, ó sunkún bọ̀.

"Wọ́n ní orúkọ Rachad ló wà lórí púùsì, pé òun ló ń ta gàárì! Òun ni wọ́n máa yá lówó!"

Bàbá rẹ̀, Lùkúmọ́nù, fò dìde. "Olè ni! Kò gbọdọ̀ tẹ Sakin!"

Adjara ò gbé ìpè Rachad mọ́. Ó ń bínú sí i, àárò rẹ̀ sì ń sọ ọ́.

Ilé ìyánilówó pe Rachad pé kó wá gbowó. Owó yẹn ì bá sọ ọ́ di onísọ̀ ńlá, àmọ́ ó kọ̀ ọ́. "Mi ò rin ẹ̀gẹ́ rí láyé mi. Adjara ló ni òwò náà." Wọ́n ní kó yí púùsì náà sórúkọ ẹni tó ni ín, àwọn á sì pe àwọn oníbàárà láti wádìí. Ojú ẹsẹ̀ ló gbéra, ó di Sakin.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Lùkúmọ́nù. "Bàbá, ẹ lè nà mí tó bá yá. Ẹ jọ̀ọ́, kí Adjara kọ́kọ́ mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ wá."

Adjara bú sẹ́rìn-ín nínú omijé.

Púùsì di orúkọ Adjara, ilé ìyánilówó yá a lówó, ẹ̀rọ sì dé. Lọ́jọ́ tí wọ́n tan án, ariwo rẹ̀ gba agbolé kan. Rachad sún mọ́ ọn, ó sọ̀rọ̀.

"Mi ò gbọ́!" Adjara pariwo.

Lùkúmọ́nù, tó dúró ti Rachad, pa ẹ̀rọ. "Ó ní ṣé wàá fẹ́ òun! Dá a lóhùn kíá, ẹ̀gẹ́ ń dúró."

Adjara tú etí ìró rẹ̀, ó fa káàdì ìdánimọ̀ yọ. "Mi ò gbàgbé ẹ̀ sílé lónìí. Ó yá, ká lọ kọ orúkọ àwa méjèèjì sílẹ̀ fún ìgbéyàwó ní méríì, lọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀."